Ẹ Má Fi Nọ́ọ̀sì Tó Ń Kọ́ Iṣẹ́ Ara Wíwọ́ Ṣe Yẹ̀yẹ́



Gáréèjì Ìkàrẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀kà. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa ni ọkọ rẹ̀. Ní àràárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, bó bá ti ti ẹnu iṣẹ́ òru dé, ọkọ̀ Àkúrẹ́ ló ń wọ̀. Wọ́n bi í léèrè ibi tó ń lọ. Ó ní òun ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń wọ́ ara. Ni àwọn èèyàn wa bá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kí ni nọ́ọ̀sì ń wá nídìí iṣẹ́ ìyá àgbà. Èkejì sọ ọ̀rọ̀ tí a kò ní kọ sínú ìwé yìí.

Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, nítorí àwa gan-an la nílò iṣẹ́ náà. Ta ni ẹ̀yìn ń dùn bí awakọ̀ tó jókòó láti Ìkàrẹ́ dé Èkó, tàbí ẹni tó ń ru àpò sìmẹ́ǹtì, tàbí ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?

Ẹ̀gàn yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1894, ní Lọ́ńdọ̀nù, ìròyìn gba ìgboro pé ilé aṣẹ́wó ni àwọn ilé ìwọ́ra kan. Àwọn nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ náà kò sá fún un. Àwọn mẹ́rin, Rosalind Paget, Lucy Robinson, Elizabeth Manley àti Margaret Palmer, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé ìdánwò kalẹ̀, wọ́n sì ṣe òfin: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ́ aláìsàn láìjẹ́ pé dókítà pàṣẹ, kò gbọdọ̀ polówó ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tí kì í ṣe ti oníṣègùn, kò sì gbọdọ̀ ta oògùn fún un. Ẹgbẹ́ náà ló wá di ẹgbẹ́ àwọn fisiotẹ́rápísì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dòní. Ẹ ò rí i pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló gba orúkọ iṣẹ́ náà là!

Ìdí mìíràn wà tó fi yẹ kí nọ́ọ̀sì kọ́ ọ. Bí ẹsẹ̀ awakọ̀ kan bá wú lẹ́yìn ìrìn-àjò gígùn, tó gbóná, tó sì ń dùn ún ní ojúgun ẹ̀yìn, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan. Bí wọ́n bá wọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè ṣí kúrò, kí ó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, ikú sì lè tibẹ̀ wá. Ẹni tí kò mọ̀ yóò bu òrí, yóò máa tẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì yóò ní kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá arábìnrin wa sọ. Kí ó tó san owó tó kù, kí ó bi onílé-ẹ̀kọ́ náà ní gbangba: ta ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí yín, kí ni ó sì lè fi ṣe? Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì bẹ̀rẹ̀ ní Ìgbóbì ní 1945, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni fún oyè rẹ̀ ní 1966, òfin ọdún 1988 sì gbé ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ kalẹ̀. Ìwé ẹ̀rí oṣù díẹ̀ kò lè sọ èèyàn di ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó bá ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún un, owó rẹ̀ ló ń wá.

Lóòótọ́, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí tiwa. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ń dá owó alájẹṣẹ́kù pẹ̀lú wa lóṣooṣù, a sì ti yá àwọn mìíràn lówó ra táyà. Kí ló dé tí a kò lè yá a lówó ilé-ẹ̀kọ́ ìyàwó rẹ̀? Ní ti ẹ̀yin awakọ̀ Àkúrẹ́, ẹ fi ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sílẹ̀ fún un, kí ó lè sùn díẹ̀ títí tí ẹ ó fi dé Ọ̀wọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àìsùn ń ṣe.

Ní ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀ ni a ó gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó náà kalẹ̀. Àwọn tó rẹ́rìn-ín ní gáréèjì, kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn níbẹ̀.