Wíǹṣì tọ́ọ̀nù 4, irọ́ tọ́ọ̀nù 4

Ẹ gbọ́ ná. Wíǹṣì kékeré oníbátìrì tí wọ́n kọ "4 tọ́ọ̀nù" sí lára, tí ẹ ń fi ránṣẹ́ síra yín pé òjò Sángo ò lè mú yín mọ́: ẹni tó rà á torí nọ́ńbà yẹn, nọ́ńbà ló rà.

Ẹni tó ń gba Sángo tàbí títì Ọ̀tà sí Ìdí-Ìrókò lásìkò òjò mọ ohun tí mò ń sọ. Omi bo kòtò, Sienna wọ inú ẹ̀, táyà ń yí lásán. Àwọn bọ̀bọ̀ tó dúró létí títì ti mọ iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ kí o tó sọ̀kalẹ̀. (Títì ìjọba àpapọ̀ ni, ẹjọ́ yẹn dọjọ́ mìíràn.)

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Sienna tó kún fún èrò wúwo ju tọ́ọ̀nù 2 lọ. Òfin táwọn sójà Amẹ́ríkà fi ń fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀ ni pé bí ẹrẹ̀ bá dé àárín táyà, agbára tí o nílò tó ìwọ̀n ọkọ̀ náà. Bó bá kọjá ibẹ̀ lọ sí fẹ́ndà, ìlọ́po méjì ni. Ó ti ju tọ́ọ̀nù 4 lọ nìyẹn.

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára wíǹṣì wá ńkọ́? Ìgbà tó bá ku ìpele wáyà kan ṣoṣo lára ìlù ẹ̀ ló jóòótọ́. Bí wáyà bá ṣì wé lé ara wọn ní ìpele mẹ́rin, agbára yẹn lè dín tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Tọ́ọ̀nù 4 ti di 2 àti ààbọ̀ àti díẹ̀. Bó bá sì ń fa tagbáratagbára, ó lè gba ju 400 ampere lọ lára bátìrì. Bátìrì ọkọ̀ tó ti wà nínú omi láti àárọ̀ o!

Èyí tí mo fara mọ́ ni wíǹṣì ọlọ́wọ́ tí wáyà ń gba inú ẹ̀ kọjá, tí kò ní ìlù rárá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Tirfor. Eyín méjì ló ń di wáyà mú lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí o ń fi ọwọ́ méjì fa okùn kànga. Agbára ẹ̀ kì í dín, wáyà ì báà gùn. Èyí tó ń fa tọ́ọ̀nù 1.6 ò wúwo tó 20 kg, láìka wáyà. Fi púlì kan sí i, ó ń sún mọ́ 3. Púlì méjì, ó ju 4 lọ. Ó lọ́ra sha, apá á ro ẹ́.

Ẹ máa ní wẹ́dà Sángo lè ṣe é ní ìdajì owó. Wẹ́dà wa mọṣẹ́, mi ò bá wọn jà. Kí wọ́n ṣe ọwọ́ ẹ̀, kí wọ́n ṣe àwo irin tí ẹ máa rì mọ́lẹ̀ níbi tí kò sí igi. Ṣùgbọ́n ìkọ́ àti púlì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin rọ́ọ̀dù ilé ṣe é fún yín. Ibi tí wọ́n ti jó irin yẹn lè le gbagidi, kó wá kán lójijì láì kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹ lọ sí Owódé Onírin, ẹ wá ìkọ́ tí wọ́n rọ, tó ní ìlẹ̀kùn lẹ́nu, tí ìwọ̀n ẹ̀ wà lára ẹ̀.

Torí wáyà tó bá já kì í yan ẹni tó máa gbá. Ẹ ju àpò iyanrìn lé e láàárín, kí ẹ lé èrò jìnnà ju gígùn wáyà náà lọ. Ní Sángo, èrò yẹn ni ọmọ tó ń ta gààrì àti omi nínú gósíló.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta "4 tọ́ọ̀nù", ìpele wáyà kelòó ni? Mò ń dúró nínú comment.