Odò Kì í Ṣàn Kó Bojú Wẹ̀yìn

Bí àgbàlagbà bá ń wúre fún ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ, tàbí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, kì í pẹ́ kó tó mẹ́nu ba odò. Á ní odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn, ìwọ náà ò ní bojú wẹ̀yìn. Gbogbo ilé á dáhùn pé àṣẹ. Àdúrà ńlá ni, torí pé ohun tó ń ba Yorùbá lẹ́rù jù ni kí èèyàn rìn dé ìdajì ọ̀nà, kó tún forí lé ibi tó ti kúrò. Ẹni tó kọ́lé tó tún padà sílé àyágbé, ẹni tó dìde lórí àìsàn tí àìsàn tún gbé ṣánlẹ̀, irú àdánù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi orúkọ odò lé jìnnà.

Àmọ́ àwọn tó pa òwe yìí ti wo odò dáadáa kí wọ́n tó fi ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ìpinnu odò ni kò jẹ́ kó bojú wẹ̀yìn. Ilẹ̀ ni. Odò Ògùn gbéra láti agbègbè Ṣakí, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì lọ wọ ọ̀sà l'Ékòó. Ibi gíga ló ti ń sọ̀ bọ̀ wá síbi tó rẹlẹ̀, ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì fún un láyè àtipadà. Bí a bá mú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ yẹn kúrò, odò á di adágún, ibi tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ ẹ sí náà ni yóò máa lọ. Nítorí náà, ìdajì ni ẹni tó gba òwe yìí ládùúrà gbà, bí kò bá bi ara rẹ̀ pé kí ló wà lẹ́yìn òun tí kò ní jẹ́ kí òun padà.

Omi tí à ń mu nílé lónìí kò gba orí ilẹ̀ ṣàn bíi ti Odò Ògùn. Inú páìpù ló ń gbà. Nínú páìpù, kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń sin omi lọ. Agbára tó ń tì í láti ẹ̀yìn nìkan ló ń mú un lọ síwájú, yálà agbára súmò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fa omi, tàbí ti gíga táńkì. Níwọ̀n ìgbà tí agbára yẹn bá wà, omi á máa tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ tí agbára yẹn bá ṣákìí, omi inú páìpù lè bojú wẹ̀yìn, kó sì kó ohun tó bá bá lẹ́nu họ́ọ̀sì dání padà wọlé.

Mo ń wo Ṣàngó Toll Gate bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n ti wó ilé ìgbowó tó fún ibẹ̀ lórúkọ tipẹ́, orúkọ ló kù. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta la ibẹ̀ kọjá, iṣẹ́ omi sì pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà náà láti Ṣàngó wọ Ọ̀tà. Ẹni tó ń fọ mọ́tò ń lo omi, ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ń lo omi, ẹni tó ń sin adìyẹ àti ẹni tó gbin ẹ̀fọ́ sí àyè tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé ń lo omi. Omi ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bọ́họ́ọ̀lù la gbójú lé, ẹ̀rọ ìta àti họ́ọ̀sì sì ni ọwọ́ tí a fi ń pín in káàkiri.

Ẹ jẹ́ ká wọ àgbàlá kan lọ, irú èyí tó pọ̀ lẹ́yìn ọ̀nà náà. Bọ́họ́ọ̀lù wà ní kọ̀rọ̀, súmò wà nínú rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, páìpù kan gbé omi láti ibẹ̀ gùnkè lọ sí táńkì orí òpó. Onílé kò fẹ́ kí ìnáwó pọ̀, ó ní kí wọ́n gé páìpù agùnkè yẹn níbi tó ti sún mọ́ ilẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ kan síbẹ̀. Bí súmò bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ yẹn máa ń le gan-an. Òun ni wọ́n fi ń fọ mọ́tò, òun ni wọ́n sì fi ń bomi rin ẹ̀fọ́. Wọ́n ki họ́ọ̀sì bọ ẹnu rẹ̀, wọ́n fi wáyà so ó pinpin. Ẹnu họ́ọ̀sì wà nínú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n po ọṣẹ sí. Àkísà tí wọ́n fi nu táyà wà nínú omi yẹn, ẹrẹ̀ abẹ́ mọ́tò wà níbẹ̀, òróró ẹ́ńjìnnì ń dán lójú rẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù ti kún dé ìdajì, ẹnu họ́ọ̀sì sì ti rì pátápátá. Lójijì, wọ́n mú iná ọba.

Súmò dákẹ́. Omi tó wà nínú páìpù agùnkè kò rí ẹni tì í mọ́, ìsàlẹ̀ bọ́họ́ọ̀lù ló fẹ́ padà sí. Bí non-return tó wà lórí súmò, ìyẹn adènà tí kì í jẹ́ kí omi padà, bá ṣì dára, omi á dúró síbi tó wà. Bí yanrìn bá ti há a lẹ́nu, tàbí tí rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ, omi á sọ̀kalẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, bí afẹ́fẹ́ kò bá tètè rọ́nà wọlé láti òkè, omi dúrọ́ọ̀mù lè gba inú họ́ọ̀sì tẹ̀lé e. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọṣẹ, ẹrẹ̀ àti òróró yóò wọ páìpù, wọ́n á forí lé orísun omi mímu ilé náà. Ọmọ tó ń fọ mọ́tò kò ní mọ̀. Á kàn rò pé ẹnìkan bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù ni. Nígbà tí iná bá dé, súmò á gbé omi yẹn gùnkè sínú táńkì, ilé ìdáná á gbà nínú rẹ̀, wọ́n á sì fi po ògì fún ọmọ.

Ẹni tó bá ti rí bí awakọ̀ ṣe ń fi rọ́bà fa epo láti inú ọkọ̀ kan sínú kẹ́ẹ̀gì ti rí bí ọ̀ràn yìí ṣe ń ṣẹlẹ̀. Awakọ̀ á fẹnu fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, epo á gùnkè kọjá etí táńkì, á sì máa ṣàn lọ fúnra rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí kẹ́ẹ̀gì bá wà nísàlẹ̀. Kì í ṣe ẹnu awakọ̀ ló gbé epo yẹn sókè. Afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ní ìwúwo, ó ń tẹ ojú epo mọ́lẹ̀ nígbà gbogbo. Ibi tí awakọ̀ bá ti fa afẹ́fẹ́ kúrò ni epo máa ń sá gbà. Ìwúwo yìí kan náà tó láti ti omi gùnkè tó mítà 10 nínú páìpù tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Mítà 10 ju òrùlé ilé alájà kan lọ. Ìdí nìyí tí korobá ilẹ̀ẹ́lẹ̀ fi lè di ohun tí páìpù ilé fà mu.

Ẹni tó ń gbé ilé alájà lè fojú ara rẹ̀ rí i. Omi tó mọ́ ni kó fi ṣe é o. Kó pọn omi mímọ́ sínú korobá lókè, kó ri ẹnu họ́ọ̀sì mímọ́ tó so mọ́ ẹ̀rọ òkè sínú rẹ̀, kó sì ṣí ẹ̀rọ náà díẹ̀ kí họ́ọ̀sì lè kún. Kó wá ti omi pa láti ìdí táńkì, kí ẹlòmíràn sì ṣí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀. Níbi púpọ̀, omi korobá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, yóò máa jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ará ìsàlẹ̀. Ní ilé tí àyágbé pọ̀ sí, tí táńkì kan ṣoṣo sì ń bọ́ gbogbo wọn, omi tí ẹnìkan fi ń fọ aṣọ ọmọ lókè lè di omi tí ẹlòmíràn gbé kaná nísàlẹ̀.

Ọ̀ràn yìí ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà níbi tí omi ẹ̀rọ ti gbilẹ̀ ju tiwa lọ. Ní ìlú Worcester, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts l'Amẹ́ríkà, àwọn agbábọ́ọ̀lù Holy Cross College ń ṣe ìgbaradì ní oṣù kẹjọ ọdún 1969. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bomi rin koríko pápá wọn, inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Àwọn ọmọdé tó ní àrùn mẹ́dọ̀wú ń ṣeré níbẹ̀, wọ́n sì ba omi tó dúró sínú ihò náà jẹ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, iná jó nínú ìlú. Àwọn panápaná fa omi púpọ̀ lójijì, agbára omi inú páìpù àdúgbò náà lọ sílẹ̀, páìpù sì fa omi inú ihò yẹn wọlé. Omi yẹn ni àwọn agbábọ́ọ̀lù mu lórí pápá. Nínú èèyàn 97 tó wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà, 90 ló kó àrùn. Ìdíje méjì péré ni wọ́n gbá lọ́dún náà tí wọ́n fi fagi lé ìyókù.

Iná tó jó lọ́jọ́ kan ṣoṣo ló dín agbára omi kù ní Worcester. Tiwa ní Ṣàngó kò nílò iná ilé jíjó. Wọ́n ń mú iná ọba lójoojúmọ́, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín wákàtí díẹ̀. Omi inú táńkì ń tán lójijì. Páìpù ń bẹ́, wọ́n á ti omi pa láti tún un ṣe. Ìgbàkígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ nìyẹn fún ohunkóhun tí họ́ọ̀sì bá rì sí.

Ohun tí họ́ọ̀sì ń rì sí kò sì jọra. Omi ọṣẹ burú, ṣùgbọ́n ó sàn ju omi gọ́tà, èyí tó lè gbé kọ́lẹ́rà àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun wọlé. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ ni oògùn apakoríko. Àwọn tó ń fọ́n ọn máa ń da oògùn sínú agolo tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, wọn á wá ki ẹnu họ́ọ̀sì bọ inú rẹ̀ láti fi omi kún un. Ó lójú oògùn tó jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ń pani. Paraquat jẹ́ ọ̀kan, kò sí ẹ̀rọ̀ fún májèlé rẹ̀, àjọ NAFDAC sì ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Kò yẹ kí agolo oògùn àti họ́ọ̀sì ilé fojú kanra rárá. Korobá ni kí a fi bu omi sí i.

Ìdènà rẹ̀ kò le, èyí tó sì lágbára jù lọ nínú wọn kò náni ní kọ́bọ̀. Òun ni àlàfo. Bí ẹnu họ́ọ̀sì bá wà lókè omi tí kò kàn án, afẹ́fẹ́ ni páìpù yóò fà, kò ní rí omi ìdọ̀tí fà. Àwọn oníṣẹ́ omi ń wọn àlàfo yìí ní ìlọ́po méjì ẹnu páìpù, kó má sì dín sí ínṣì kan. Òfin kan náà ló wà fún táńkì: ẹnu páìpù tó ń gbé omi wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè ibi tí omi ń dé nígbà tó bá kún.

Èkejì ni adènà kékeré tí wọ́n ń yí mọ́ ẹnu ẹ̀rọ kí wọ́n tó fi họ́ọ̀sì sí i, tí wọ́n ń pè ní vacuum breaker. Bí agbára omi bá ṣákìí, á ṣí ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, fífà á sì já. Ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ máa ti ẹ̀rọ pa lẹ́yìn iṣẹ́. Bó bá jẹ́ ẹnu họ́ọ̀sì nìkan ló dí, tí ẹ̀rọ wà ní ṣíṣí tọ̀sántòru, agbára omi kò ní jẹ́ kí adènà náà sinmi, kò sì ní pẹ́ kó tó bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta ni non-return. Ọfà wà lára rẹ̀ tó ń tọ́ka ibi tí omi gbọ́dọ̀ máa lọ. Ilẹ̀ oníyanrìn ni ilẹ̀ Ọ̀tà, yanrìn inú bọ́họ́ọ̀lù sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ó yẹ kí oníṣẹ́ omi máa tú u wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà tí òfin ohun èlò omi ọdún 1999 ti jáde, ẹ̀rọ àgbàlá tuntun gbọ́dọ̀ ní non-return oníméjì, kí ọ̀kan lè dúró bí èkejì bá kùnà. Ẹ̀rọ tí a sì fi sára páìpù agùnkè, kí a gbé e kúrò níbẹ̀, kí a fà á láti ara páìpù tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti táńkì, kí a sì fi adènà sẹ́nu rẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ Ọ̀tà ní ẹrù tó wúwo ju tonílé lọ. Ibi tí kẹ́míkà àti omi mímu bá ti wà nínú ọgbà kan, non-return lásán kò tó. Kí páìpù kẹ́míkà àti ti omi mímu má pàdé rárá ló dára jù. Ilé iṣẹ́ tó bá fa ẹ̀rọ sí ìta ògiri fún ará àdúgbò ti ṣe oore. Kó fi adènà sí i kí oore náà lè pé.

Èyí ni mo rí kọ́ nínú òwe àwọn bàbá wa. Wúre lọ́tọ̀, títún ọ̀nà ṣe lọ́tọ̀. Ẹni tó ń gbàdúrà pé kí ọmọ òun má padà sídìí ìyà gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ sí i lọ́wọ́. Ẹni tó ń gbàdúrà pé kí àìsàn má padà wọlé òun gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Ọlọ́run ló ṣe ilẹ̀ fún odò. Àwa la fọwọ́ ara wa ri páìpù, àwa la sì gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí kò ní jẹ́ kí omi rẹ̀ padà.

Mo bẹ ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA), àti ẹ̀yin oníṣẹ́ omi láti Ṣàngó dé Ọ̀tà: ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ yẹ ẹ̀rọ ìta kọ̀ọ̀kan wò, ẹ béèrè ibi tí páìpù rẹ̀ ti wá àti ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má sì dúró dìgbà ìpàdé kí ẹ tó yọ ẹnu họ́ọ̀sì kúrò nínú omi.