Ó Yẹ Kí Ọmọ Ilé-ìwé Máa Fọwọ́ Ṣe Nǹkan Nínú Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ wa kó wa lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan. A kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, a kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Gúgúrú tí a rà lẹ́nu ọ̀nà nìkan ni mo rántí.

N kò sọ pé kí a gbé àwọn orí idẹ tí a hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ, ní Ilé-Ifẹ̀, ní ọdún 1938, lé ọmọdé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a kò lè kó amọ̀ àti ìda fún un ní yàrá kejì? Ọmọ tó bá fi ìda ya ojú àti imú sára amọ̀, tó fi amọ̀ mìíràn bò ó, tó sì rí i bí ìda ṣe yọ́ jáde nígbà tí a gbé e sórí iná, yóò mọ ọ̀nà tí idẹ yíyọ́ gbà wọlé. Ta ni yóò tún ṣàlàyé rẹ̀ fún un?

Àwọn kan ní eré lásán ni. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni Jimoh Buraimoh ń ṣe nínú ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀ kí ó tó wọ ibi ìkọ́ṣẹ́-ọnà Georgina Beier ní Òṣogbo ní ọdún 1964. Àwòrán onílẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ti dé òkè òkun.

Owó ńkọ́? Amọ̀ kì í ṣe ọjà òyìnbó. Kí wọ́n pe ìyá amọ̀kòkò kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ fún un.