Aṣọ Hurumi Onífàdákà: Irú Ìdánwò Wo Ni Wọ́n Ṣe fún Un?



Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà sé ọ̀nà mọ́ gbogbo ayé, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn péré ni ìjọba Sáúdì gbà láàyè láti ṣe Hájì. Gbogbo wọn ni ó ti ń gbé ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀, àjòjì bí tiwa ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Lára ohun tí wọ́n fún wọn ni aṣọ hurumi tí a fi fàdákà nánò sí lára. Àwọn aláṣẹ ní ó ń pa kòkòrò àrùn, omi kì í sì í tètè rin ín. N kò bá wọn jiyàn, nítorí fàdákà ń pa bakitéríà lóòótọ́. Ohun tí ó lè ṣe fún ara ẹni tí ó ró o ni mò ń bèèrè.

Egunrín tí a ń pè ní nánò kì í ju 100 nánòmítà lọ. Irun orí ẹyọ kan nípọn jù ú lọ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà. Ohun tí ó kéré tó báyìí lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Nínú yàrá ìwádìí, wọ́n ti rí i pé fàdákà nánò lè ba DNA inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn jẹ́ bí ó bá pọ̀. Ẹnìkan yóò sọ pé awọ ara tí kò lọ́gbẹ́ kì í jẹ́ kí púpọ̀ wọlé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí ó ti rìn láàrin Sọfá àti Mọ́rúwà nígbà méje, láìwọ ṣòkòtò, bí itan rẹ̀ ti rí. Awọ tí ó ti bó, tí òógùn sì ń ṣàn lórí rẹ̀, kì í ṣe awọ tí kò lọ́gbẹ́.

Bí a bá wí fún wa pé wọ́n ti dán an wò, ẹ jẹ́ kí a bèèrè irú ìdánwò tí wọ́n ṣe. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni ti Bruce Ames, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, tí ó gbé e jáde ní àwọn ọdún 1970. Bakitéríà tí jíìnì rẹ̀ kan ti bàjẹ́, tí kò lè dàgbà láìsí oúnjẹ pàtàkì kan, ni a ń fi ṣe é. Bí kẹ́míkà kan bá yí jíìnì náà padà, bakitéríà náà yóò tún máa dàgbà fúnra rẹ̀, a ó sì rí i. Ìdánwò náà dára fún kẹ́míkà tí ń yòrò. Ṣùgbọ́n ara bakitéríà ní ògiri, kì í sì í gbé egunrín mì bí sẹ́ẹ̀lì tiwa ti ń ṣe. Fàdákà lè dúró síta kí èsì sì jáde pé kò séwu. Ìdí nìyí tí àjọ tí ń ṣàyẹ̀wò ewu oúnjẹ ní Yúróòpù fi ní ìdánwò yìí kò bá nánò mu. Sẹ́ẹ̀lì ẹran-ọmú ni kí a lò, kí a wo bóyá ègé DNA já sílẹ̀ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ń pín, kí a sì fi hàn pé egunrín náà wọlé ní tòótọ́.

Àjọ kan náà ni ó sọ ní 2021 pé òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé titanium dioxide, àwọ̀ funfun tí wọ́n ń fi sí ṣúìtì, kì í ba DNA jẹ́. Ní 2022, Yúróòpù yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọdé ti fi jẹ ẹ́.

(Ẹ gbọ́ èyí náà: ní 2008, àwọn olùwádìí ní Arizona fọ ìbọ̀sẹ̀ onífàdákà, fàdákà inú òmíràn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi lọ tán lẹ́yìn ìfọ̀ mélòó kan. Àwa tí a ń fọ hurumi wa pa mọ́ fún ọjọ́ ikú ńkọ́?)

N kò pe aṣọ náà ní èèwọ̀, n kò sì sọ pé ó ti pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tí mò ń fẹ́ ni kí ẹgbẹ́ wa kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó Hájì, kí wọ́n tẹ èsì ìdánwò jáde, ti aṣọ náà fúnra rẹ̀, nínú òógùn, lórí awọ tí ó bó. Kò jìnnà sí wọn: Yunifásítì King Abdulaziz ní Jẹ́dà níbí ní ibùdó ìwádìí nánò, ó sì ní ibùdó ìwádìí ìṣègùn tí a fi orúkọ Ọba Fahd pè. Títí èsì náà yóò fi dé, hurumi òwú lásán ni èmi yóò máa ró láti ilé mi lọ sí Mẹ́kà.