OMI ÒGÌ DÁ ÌJÀ SÍLẸ̀ NÍNÚ ILÉ: TA LÓ JẸ̀BI?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìyá ọkọ kan àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ n'Íbàdàn kì í ṣe ìjà owó, kì í sì í ṣe ìjà orogún. Omi ògì ló fà á! Ìyàwó ní ó ti kan jù, ló bá gbé e dà sí gọ́tà. Ni màmá bá figbe ta: "Ìyàwó, oògùn inú ọmọ mi lo dà nù yẹn o!" Ìyàwó ní: "Ẹ má bínú, mà, omi tó ti bàjẹ́ mà lẹ ń pè lóògùn yìí."

Ta ló jàre? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Ògì kì í ṣàdéédéé kan. Bí àgbàdo bá ti wà nínú omi fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gbajúmọ̀ nínú wọn ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Lactobacillus plantarum tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Lactiplantibacillus plantarum báyìí. Ẹnikẹ́ni kò rà wọ́n lọ́jà; ara àgbàdo àti ìkòkò ni wọ́n ti ń wá. Ṣúgà inú àgbàdo ni wọ́n ń jẹ, kíkan tí à ń tọ́ wò ni wọ́n sì fi ń san owó oúnjẹ. Kíkan náà ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò burúkú ráyè.

Iṣẹ́ kejì ńkọ́? Ohun kan wà nínú àgbàdo tó ń jẹ́ phytate. Ahun gidi ni! Ó di áyọ́ọ̀nù àti síńkì mú gírígírí, ìfun wa kò sì lágbára àtijà wọ́n gbà tán lọ́wọ́ rẹ̀. Èèyàn á yó, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ á bá ìgbẹ́ lọ. Bí ògì bá ṣe ń kan, bẹ́ẹ̀ ni phytate á máa fọ́, tí ọwọ́ ahun á sì máa tú.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Denmark gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2006. Wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní ẹ̀kọ óòtì tí irú kòkòrò yìí mú kan. Nígbà tí kòkòrò náà wà láàyè, áyọ́ọ̀nù tó wọ ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ìgbà tí wọ́n ti fi iná pa á.

Ṣé màmá jàre nìyẹn? Ó jàre dé ibì kan. Ẹ̀kọ tá a bá ti sè, kòkòrò inú rẹ̀ ti kú, àmọ́ phytate tí wọ́n ti fọ́ kò ní padà dì. Inú omi ògì tútù ni àwọn alààyè wà. Ṣùgbọ́n ìyàwó náà ò kúkú jẹ̀bi tán. Bí omi tí wọ́n fi rẹ àgbàdo bá dọ̀tí, kíkan nìkan kò lè gbà wá. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni tirẹ̀. Ọmọ tó bá sì ń ṣu gbuuru, ẹ sáré gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà pẹ̀lú síńkì. Omi ògì kò lè rọ́pò ìyẹn o.

Ẹ tún rántí pé ọ̀pọ̀ ohun rere ló ń bá èérí lọ nígbà tá a bá sẹ́ ògì. Ẹ fi mọ́ínmọ́ín tì í, kẹ́ ẹ sì la ọsàn kan lé e, nítorí ọsàn a máa ran áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ láti wọra.

Ìyàwó ti rẹ àgbàdo mìíràn báyìí, omi tó sè tó sì tutù ló fi rẹ ẹ. Lọ́jọ́ kẹta, màmá gba asẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: "Gbé e wá, ìyàwó, bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ẹ nìyí."

Ilé tiyín ńkọ́? Ẹ kọ lẹ́tà sí ojú ìwé yìí.