Ká Tó San Owó Jíìmù l'Ọ́fà, Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Ṣírò

Ọ̀rọ̀ jíìmù ló wà lẹ́nu gbogbo SS2 láti ìgbà tí a ti wọlé ní táàmù yìí. Àwọn kan ti forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù kan l'Ọ́fà. Àwọn kan ń fi ebi pa ara wọn lọ́sàn-án kí owó náà lè pé. Àwọn mìíràn sì ti ń fi àwọn tí kò lọ ṣe yẹ̀yẹ́ pé apá wọn tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ní kí èmi náà wá. Mo ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ tí mo rí níbi irun tí mo máa ń dì ní Sátidé, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an. Èrò mi rèé: fún ọmọ ilé-ìwé tó ń ti ilé wá, tó sì ń gbé ní Ìjàgbó, owó jíìmù oṣooṣù kì í ṣe ohun tó yẹ ká sáré san.

Ẹ jẹ́ ká mú bírò. Jíìmù tí wọ́n ń sọ yìí ń gba náírà 8,000 lóṣù. Ẹni tí kò bá fẹ́ san ti oṣù lè san náírà 1,000 ní ọjọ́ tó bá wá. Kẹ̀kẹ́ láti ọ̀dọ̀ wa débẹ̀ jẹ́ náírà 300, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 600. Ẹni tó bá ń lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ìyẹn ìgbà 12 lóṣù, á san 8,000 fún jíìmù, á tún san 7,200 fún kẹ̀kẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15,200. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ náírà 70,000. Ìyẹn ni pé ọmọ kan ṣoṣo á ná ju ìdá kan nínú márùn-ún irú owó oṣù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó kẹ̀kẹ́ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó jíìmù, bẹ́ẹ̀ n kò tíì gbọ́ ẹni tó kà á mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: oṣù kọ́ ló yẹ ká máa kà, iye ìgbà tí a lọ ni. Yàtọ̀ sí owó kẹ̀kẹ́, bí o bá lọ ní ìgbà 12, ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ bíi náírà 670. Bí o bá lọ ní ìgbà mẹ́jọ, ó di 1,000, kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń san lẹ́nu ọ̀nà. Bí o bá lọ ní ìgbà mẹ́rin péré, ẹ̀ẹ̀kan ti di 2,000. Àbí mélòó nínú wa ló máa lọ ju ìgbà mẹ́jọ lọ? Lẹ́sìnnì wà. Omi wà láti pọn. Òjò wà. Ìdánwò wà. Ọjọ́ ọjà wà tí ìyá ẹni ń retí ẹni ní ìsọ̀.

Kí ẹ má rò pé ọmọ Ìjàgbó nìkan ni mò ń bá wí. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé méjì, Stefano DellaVigna àti Ulrike Malmendier, yẹ àkọsílẹ̀ jíìmù mẹ́ta wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 2006. Àwọn oníbàárà tí wọ́n wò lé ní 7,000. Àwọn tó ń san ju dọ́là 70 lọ lóṣù, bí ìgbà mẹ́rin lóṣù ni wọ́n ń lọ. Ẹ̀ẹ̀kan wá ń ná wọn ju dọ́là 17 lọ, nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì ìgbà mẹ́wàá wà níbẹ̀ tí ẹ̀ẹ̀kan rẹ̀ jẹ́ dọ́là 10. Kí ló fà á? Lọ́jọ́ tí èèyàn ń sanwó, ó máa ń rò pé òun kò ní í ṣọ̀lẹ lọ́la. Oníjíìmù kò ṣẹ̀ o. Ó ra ẹ̀rọ, ó ń san owó ilé, ó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Yálà o wá o, o kò wá o, owó rẹ ti wọlé.

Ara wa ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ìṣẹ́jú 60 ó kéré tán lójúmọ́ ṣe ohun tó ń mú ọkàn yára lù, kí ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ṣe èyí tó ń fún iṣan àti egungun lágbára. Wọn ò ní dandan ni kó jẹ́ inú jíìmù. Èmi ń fi ìṣẹ́jú 25 rìn wá sí ilé-ìwé, mo sì ń fi 25 rìn padà. Bí mo bá ti yá ẹsẹ̀, ìṣẹ́jú 50 ti wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Okùn fífò àti press-up á parí ìyókù. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Àwọn baba ńlá tó ja ìjàkadì yẹn, ta ló gbà wọ́n ní owó oṣù?

Ṣùgbọ́n n kò ní í purọ́ pé jíìmù kò wúlò. Odunayo Adekuoroye tó gba wúrà ìjàkadì ní ìdíje Commonwealth ní 2014, 2018 àti 2022 kò lè fi okùn fífò nìkan débẹ̀. Ó tún dáa kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ni bí a ṣe ń gbé irin kí ẹ̀yìn má baà yẹ̀. Ohun kan sì wà tí àwọn ọkùnrin kì í rò. Bí ọmọbìnrin bá ń sáré lójú títì, àwọn kan á máa súfèé sí i, àwọn àgbà á máa béèrè ẹni tó ń lé e. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kì í ṣe irin lòun ń sanwó fún, ilẹ̀kùn tó ń tì ni. Mi ò rí ìṣirò kankan tí mo lè fi dá a lóhùn. Ohun tí mo kàn sọ ni pé ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago méje alẹ́ kí wọ́n tó padà dé Ìjàgbó, ojú títì yẹn kan náà ni wọ́n sì ń gbà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ jọ̀ọ́, iṣan kì í tinú irin jáde. Ẹ̀wà, ẹyin àti mọ́ínmọ́ín ló ń kọ́ ọ. Ẹni tó fi owó mọ́ínmọ́ín san owó jíìmù dà bí ẹni tó ta bíríkì kó lè san owó bíríkìlà.

Nítorí náà, àbá mẹ́ta ni mo ní. Èkíní, ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó máa san ti ojúmọ́ fún oṣù kan, kó sì máa kọ ọjọ́ tó lọ sílẹ̀. Bí ó bá ju ìgbà mẹ́jọ lọ, kó wá san ti oṣù, mi ò ní í bá a jà. Èkejì, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fún wa ní pápá ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ lẹ́yìn lẹ́sìnnì: Túsìdè fún àwọn obìnrin nìkan, kí olùkọ́ obìnrin kan wà pẹ̀lú wa, Tọ́sìdè fún gbogbo ènìyàn. Okùn àti táyà àtijọ́ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ká jáwọ́ nínú fífi apá ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ní tèmi, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni màá san 1,000 lóṣù yìí, kí wọ́n lè kọ́ mi bí a ṣe ń gbé irin. Ìyókù owó irun mi ń dúró de fọ́ọ̀mù WAEC. Ìwé orúkọ fún ti pápá wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ oníròyìn wa. Ẹni tó bá fẹ́, kó kọ orúkọ rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ká lè gbé e lọ bá ọ̀gá àgbà. Tí orúkọ bá pọ̀, wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu lásán.