NÍNÚ ILÉ ÌDÁNÁ: Iyán Tí Kò Ní Kókó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn. Ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Bàbá àgbà tí ó ti jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà láti àárọ̀ lè sọ ní alẹ́ pé òun kò tíì jẹun, nítorí pé iyán kò tíì kan òun lẹ́nu. Kódà nínú ìtàn ìtẹ̀dó Oǹdó, igi iṣu ni a gbọ́ pé ó kọ̀ láti wọlẹ̀ ní ibi tí Ifá yàn fún wọn, ní ayé Pupupu, obìnrin tí ó kọ́kọ́ jẹ Òṣemàwé.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyàwó tuntun ni ó ń sá fún odó. Láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọdún 1976, tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀, àìmọye obìnrin ni ó ń ti ọ́fíìsì ní Alágbàká dé ilé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú àárẹ̀. Wọn a ní agbára àwọn kò gbé iyán mọ́, wọn a sì ro èlùbọ́ inú páálí fún ọkọ àti ọmọ. A kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe agbára ni ó ń lé kókó kúrò nínú iyán. Iṣu tí a yàn, bí a ṣe sè é, àti gbígbóná rẹ̀ nínú odó ni.

YÍYAN IṢU. Gbogbo iṣu kọ́ ni ó ṣe é gún. Èsúrú ṣe àṣejù, ó tẹ́ lọ́wọ́ oníyán. Ẹ fi ewùrà sílẹ̀ fún ìkọ́kọrẹ́ àti òjòjò. Iṣu funfun bí efùrù ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣu ní Ọjà Ọba. Iṣu tuntun tí ó ń jáde ní nǹkan bí oṣù Keje kún fún omi, iyán rẹ̀ a sì máa rọ̀ jù. Bí ẹ bá gún un, ẹ má ṣe bu omi sí i rárá. Èyí tí ó ti sùn nínú abà di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù lọ.

OHUN TÍ A ÓÒ LÒ FÚN ÈNÌYÀN 4. Iṣu kan tí ó tó kílò 2, àti omi. A kì í fi iyọ̀ sí i.

BÍ A ÓÒ ṢE ṢE É. Ẹ bẹ iṣu, ẹ gé e dọ́gba-dọ́gba, kí ègé kọ̀ọ̀kan nípọn tó ìka méjì. Ọ̀nà orí iṣu a máa le jù, nítorí náà ẹ gé ti ibẹ̀ kéré sí i. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ bu omi bò ó, kí ẹ sì sè é fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, títí ọ̀bẹ yóò fi wọ inú rẹ̀ láìjanpata. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan odó. Ẹ fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná kékeré, kí ẹ máa mú ègé mẹ́ta tàbí mẹ́rin síta lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ fi ọmọ odó tẹ̀ wọ́n fọ́ pátápátá kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá fọ́ tán ni kí ẹ tó gún un pọ̀. Ìkẹyìn ni omi: ẹ wọ́n omi iṣu gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ yí i, kí ẹ sì gún un títí yóò fi kúnná tí yóò sì máa fà.

Iṣu kún fún sítáàṣì. Iná ni ó ń mú un wú, ọmọ odó ni ó sì ń tú u sílẹ̀ kí ó lè lẹ̀ mọ́ra. Bí èyí tí ó ti ń fà bá yí ègé tí kò tíì fọ́ ká, ọmọ odó yóò kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Ègé náà ni yóò di kókó. Iṣu tí ó ti tutù a máa ṣe bákan náà.

Ẹ kíyè sí i pé òdìkejì èyí ni àwọn Òyìnbó ń fẹ́ nínú pòtétò wọn. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ oúnjẹ jẹ, ẹ se pòtétò Jos, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ gbé ìkòkò padà sórí iná kékeré kí ó gbẹ díẹ̀, kí ẹ sì fi ṣíbí igi tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú bọ́tà àti mílíìkì gbígbóná. Ẹ má ṣe gún un, nítorí yóò lẹ̀ bí àtè.

Ní ti àárẹ̀, ẹ rántí pé ọkùnrin kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mákanjúọlá ti Yunifásítì Ifẹ̀, ni ó ronú kan ẹ̀rọ ìgúnyán ní àwọn ọdún 1970. Bí ọkùnrin bá lè ro ti odó débẹ̀, ọkọ àti ọmọkùnrin ilé lè di ọmọ odó mú. Ẹ se iṣu, kí ẹ ro ẹ̀gúsí. Kí àwọn náà gúnyán. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀.

Ó di oṣù tí ń bọ̀.